Djivan Gasparyan Kó Tó Di Baba: Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Ọmọ Arméníà Tó Fi Duduk Dá Orúkọ

Bí ẹ bá ti wo fíìmù Gladiator rí, ẹ ti gbọ́ duduk, fèrè tí à ń sọ yìí: ohùn kan tó rọ̀, tó jinlẹ̀, tí kì í pariwo rárá, tó sì ń mú ni lọ́kàn. Djivan Gasparyan ló fọn ún. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní ọdún 2000, baba náà ti lé ní ẹni 70 ọdún, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fi mọ̀ ọ́n sí ẹlòmíì ju àgbàlagbà onírun funfun kan lọ. Ṣùgbọ́n kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Ọmọ ọdún mélòó ló fi dé orí ìtàgé? Kí ló ṣe níbẹ̀? Àwọn ìbéèrè báyìí ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọmọ ibo ni?

Ọmọ Arméníà ni, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà láàrin Túrkì, Jọ́jíà, Ìránì àti Asabaijáànì. Abúlé Solak, ní agbègbè Kotayk, ní àríwá Yerevan tó jẹ́ olú-ìlú, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1928. Ìlú Mush ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Mush wà nínú ilẹ̀ Túrkì òde òní, àwọn ará Arméníà ló sì pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di ọdún 1915 tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ wọn, tí àwọn tó kù sì sá àsálà. Ìran àwọn asásàálà bẹ́ẹ̀ ló kún abúlé púpọ̀ ní Arméníà nígbà tí wọ́n bí Djivan. Orin tí wọ́n gbé dání láti ilé wà lára ìwọ̀nba ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí gbà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà. Nígbà yẹn, abẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ni Arméníà wà.

Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2021 ní Kalifọ́níà, lẹ́ni ọdún 92.

Ṣé fèrè gan-an ni duduk yìí?

Bí ẹ bá bi olùkọ́ orin, á ní rárá. Fèrè gidi, etí ihò ni à ń fẹ́ atẹ́gùn sí kó tó dún. Ti duduk yàtọ̀. Wọ́n ki ìfefe fífẹ̀ kan bọ ẹnu rẹ̀, irú èyí tó ń hù létí odò, wọ́n sì tẹ orí ìfefe náà títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Bí atẹ́gùn bá gba àárín wọn kọjá, wọ́n á máa gbọ̀n, ibẹ̀ ni ohùn ti ń jáde. Òun àti algaita tí àwọn Hausa máa ń fọn níwájú ẹ́míà, ìbátan ni wọ́n. Àmọ́ lẹ́nu àwa Yorùbá, ohun tó bá ti ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, tó níhò lára, tí a ń fi ẹnu fọn, fèrè là ń pè é. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Kí ló dé tí algaita fi ń han gooro tó bẹ́ẹ̀, tí duduk sì rọ̀? Inú igi ni ìdáhùn wà. Inú algaita ń fẹ̀ sí i bó ti ń lọ sísàlẹ̀, ìyẹn sì máa ń ti ohùn jáde síta, ó dára fún gbangba òde. Inú duduk rí bákan náà láti òkè délẹ̀, kò fẹ̀, kò sì fún. Ohùn tó ń ti inú irú ihò bẹ́ẹ̀ jáde máa ń lọ sílẹ̀ ju bí ẹ ti lè rò lọ fún igi kékeré bẹ́ẹ̀. Kékeré náà sì ni lóòótọ́: gígùn rẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà 28 sí 40 lọ. Igi ápíríkọ́ọ̀tì, igi eléso kan, ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ ní Arméníà, wọ́n á sì jẹ́ kí igi náà gbẹ dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ohùn tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: láti dò dé dò kejì, pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ lókè. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ Gasparyan yani lẹ́nu. Kò ní ohùn púpọ̀ tó lè máa sáré káàkiri lórí rẹ̀.

Ọmọ ọdún mélòó ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ún?

Mẹ́fà.

Ta ló kọ́ ọ?

Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ó máa ń lọ sí ilé sinimá láti gbọ́ àwọn afọn-duduk tó ń ṣeré níbẹ̀, àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ wọn. Margar Margaryan ni orúkọ ẹni tó fà á mọ́ra jù nínú wọn. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni yóò máa wá títí ìka rẹ̀ yóò fi rí i. Kò sí ìwé orin, kò sí ẹni tó jókòó tì í pẹ̀lú tábìlì àti bọ́ọ̀dù. Bí ọmọ onílù ṣe ń gbọ́ ìlù lẹ́nu baba rẹ̀ kó tó di ọ̀pá mú, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀, àmọ́ pé ẹni tí òun ń fetí sí kì í ṣe bàbá tó bí i lọ́mọ.

Kí ni afọn-fèrè ń ṣe nílé sinimá?

Ìbéèrè gidi nìyí, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Fíìmù ìgbà yẹn kò lóhùn. Èèyàn á máa rìn, á máa sunkún, á máa jà lára ògiri, láìsí ìró kankan. Nítorí náà, wọ́n á gbé àwọn olórin síwájú kí wọ́n máa ṣeré bí àwòrán bá ti ń lọ. Ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì, dùùrù ló pọ̀ jù. Ní Arméníà, duduk wà lára wọn. Iṣẹ́ náà le: bí ẹni inú àwòrán bá kú, fèrè gbọ́dọ̀ dárò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ó bá ń gbéyàwó, kí fèrè yọ̀. Ọmọ tó bá jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo á gbọ́ orin òkú, orin ìgbéyàwó àti orin ijó.

Ẹ tún wo ọdún rẹ̀. Fíìmù Arméníà àkọ́kọ́ tó ní ohùn, Pepo, ọdún 1935 ló jáde. Djivan pé ọmọ ọdún mẹ́fà ní oṣù kẹwàá ọdún 1934. Ó bá àwọn olórin sinimá yẹn lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ náà ti fẹ́ parí, torí bí fíìmù bá ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ta ló tún fẹ́ sanwó fún afọn-fèrè? Ká ní wọ́n bí i ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà yẹn ni, n kò mọ ibi tí ìbá ti gbọ́ wọn.

Mo gbọ́ pé ẹni méjì ló máa ń fọn duduk pọ̀. Kí ni ti ẹnì kejì?

Ẹnì kejì ló ń di ilẹ̀ mú. Ohùn kan ṣoṣo ni yóò máa fọn, láìdáwọ́dúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin, tí ẹni àkọ́kọ́ yóò sì máa kọrin lé e lórí. Dam ni wọ́n ń pe ohùn ìsàlẹ̀ yìí. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, orin náà á ṣì wà, ṣùgbọ́n kò ní ní ibi tó lè fẹ̀yìn tì.

Báwo ni èèyàn ṣe ń fọn ohùn kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdákẹ́ kó mí? Ó ń mí. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kó fi atẹ́gùn díẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ti inú àyà bá ti fẹ́ tán, á fi iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti èyí tó pamọ́ jáde sínú ìfefe, ní àkókò kan náà á sì yára fa òmíràn wọlé láti imú. Fèrè kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn afọn-algaita náà ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi máa ń wú. Ibi tó ti le ni àkókò tí atẹ́gùn àyà ń gbapò ti ẹ̀rẹ̀kẹ́: bí agbára atẹ́gùn bá yí padà díẹ̀ péré, ohùn á gbọ̀n, gbogbo ilé á sì gbọ́ ọ.

Nínú àṣà wọn, ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń di dam mú fún ọ̀gá. Àwọn kan á kà á sí iṣẹ́ ẹrú. Lójú tèmi, kò sí ilé-ìwé tó dára tó o: ẹ jókòó ti ọ̀gá, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ ṣeré tiyín, gbígbọ́ nìkan ni iṣẹ́ yín, etí yín sì gbọ́dọ̀ gún ju ti ẹnikẹ́ni lọ torí pé lórí ohùn yín ni ọ̀gá dúró sí.

Kí ni àṣeyọrí ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́?

Ní ọdún 1948, nígbà tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e, ó di ẹni tó ń dá fọn duduk nínú Ẹgbẹ́ Orin àti Ijó Ìbílẹ̀ Arméníà, èyí tí Tatul Altunyan dá sílẹ̀ ní ọdún 1938. Ó tún ń bá ẹgbẹ́ olórin Philharmonic ti Yerevan ṣeré.

Ó lè má dún bí nǹkan ńlá létí ẹni tí kò mọ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ibi ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni ilé duduk. Ẹgbẹ́ Altunyan wà lára àwọn tó gbé e kúrò ní agbo ilé lọ sí orí ìtàgé, níwájú adarí orin, pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn oníjó lẹ́yìn. Vardan Buni náà ti gbẹ́ duduk oríṣiríṣi, kékeré àti ńlá, kí wọ́n lè bá ara wọn ṣeré nínú ẹgbẹ́. Àwọn àgbà bíi Levon Madoyan ṣì wà láyé, wọ́n sì gbajúmọ̀. Ọmọ abúlé kan ló wá dìde dúró, tó ń dá fọn, tí gbogbo èèyàn yẹn dákẹ́ fún. Iṣẹ́ tó fi etí jí kọ́ nílé sinimá ló fi jẹun láti ìgbà náà lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé Stalin fún un ní aago?

Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìtàn náà. Ó ní ní ọdún 1947, àwọn olórin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè inú Ìṣọ̀kan Sófíẹ́ẹ̀tì péjọ ṣeré ní Mọ́sko, òun náà fọn duduk níbẹ̀, Stalin tó jẹ́ olórí ilẹ̀ náà wà lórí ìjókòó, ó sì fún òun ní aago ọwọ́ Pobeda. Àwọn tó ń kọ nípa rẹ̀ fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, bóyá nítorí pé ó rọrùn láti rántí.

Èmi kò lè ka ìtàn aago yẹn kí n má rántí pé ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ìjọba Stalin yìí kan náà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Arméníà sínú ọkọ̀ ojú irin lóru, ó sì kó wọn lọ sí Altai ní Sìbéríà. Ọmọ ọdún 20 ni Djivan nígbà náà. Ìyẹn kò sọ aago di ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin wo ló máa kọ ẹ̀bùn níwájú Stalin?

Àwọn àmì ẹ̀yẹ wo ló gbà nígbà tó ṣì ń dàgbà nínú iṣẹ́?

Èyí tí wọ́n máa ń dárúkọ jù ni àwọn àmì ẹ̀yẹ ìdíje àgbáyé ti UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè. Ó gba ti àkọ́kọ́ ní ọdún 1959, nígbà tó wà ní nǹkan bí ẹni 30 ọdún. Ó tún gbà á ní 1962, 1973 àti 1980. Ní ọdún 1973 yẹn náà ni Arméníà fún un ní oyè Olórin Àwọn Ará Ìlú, oyè tó ga gan-an fún òṣèré lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì.

Ṣé ó lọ ilé-ìwé orin rárá?

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ìyẹn ni mo mọ̀ tó ṣe pàtàkì. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin tí wọ́n fi sọrí Komitas ní Yerevan ló ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní duduk, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì di olórin tó ń jẹun nídìí rẹ̀. Komitas tí wọ́n fi ilé-ẹ̀kọ́ náà sọrí jẹ́ àlùfáà tó ń rìn láti abúlé dé abúlé kí ọdún 1915 tó dé, tó ń kọ orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa parẹ́. Kò sí ibòmíràn tó bá afọn-duduk mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ pé ó ti gbayì láti kékeré, kí ló dé tí ayé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ títí ó fi di àgbà?

Nítorí ilẹ̀kùn tì ni. Olórin Sófíẹ́ẹ̀tì kì í dìde lọ sókè òkun bó ṣe wù ú. Ìjọba ló ń yan ẹni tó máa lọ, ibi tó máa lọ àti orin tó máa ṣe níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àwo orin kan ṣoṣo, Melodiya, ti ìjọba, ló ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ní gbogbo ilẹ̀ náà. Melodiya ló gbé àwo rẹ̀ jáde ní ọdún 1983, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé òun kò ní banújẹ́ láyé yìí. Ẹnìkan tó jẹ́ olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brian Eno, wá gbọ́ ọ nígbà tí ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láyé Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn. Ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó sì tún un gbé jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1989.

Ẹni 60 ọdún ni Gasparyan nígbà yẹn. Àwọn ìwé ìròyìn ìwọ̀-oòrùn wá ń kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú u jáde látinú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní 40 ọdún tó ti ń dá fọn lórí ìtàgé nílé. Inú bí mi sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀, torí pé ó sọ gbogbo ìgbà èwe ọkùnrin náà di ìgbà tí kò tíì ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn olórin yòókù tẹ̀ lé e: Peter Gabriel ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Kronos Quartet ti Amẹ́ríkà, Hans Zimmer tó ṣe orin Gladiator, Hossein Alizadeh ọmọ Ìránì tí àwọn méjèèjì jọ ṣeré ní Tehran. Ní ọdún 2002, àpérò orin àgbáyé WOMEX fún un ní àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀.

Ṣé òun náà ló fọn duduk inú orin fíìmù Jésù tí Peter Gabriel ṣe?

Rárá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í gbé. Vache Hovsepyan ni ohùn tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ nínú àwo Passion ti ọdún 1989, láti inú ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọmọ ìgbà kan náà ni òun àti Gasparyan, ṣùgbọ́n ó ti kú kí àwo náà tó jáde. Bí ẹ bá ń fetí sí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ máa mọ ìyàtọ̀: ti Hovsepyan le díẹ̀, ó sì mú, ti Gasparyan rọ̀, ó máa ń jẹ́ kí ohùn kú díẹ̀díẹ̀ kó tó mú òmíràn.

Eurovision, ìdíje orin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, lóòótọ́ ni. Ní Oslo, ọdún 2010, ó jókòó sórí ìtàgé lẹ́ni ọdún 81, ó ń fọn duduk fún Eva Rivas tó kọrin fún Arméníà nípa kóró ápíríkọ́ọ̀tì. Ipò keje ni wọ́n ṣe.

Ṣé àwọn ọmọdé Arméníà ṣì ń fọn ọ́n?

Wọ́n ń fọn ọ́n, àmọ́ ọ̀nà ti yí padà. UNESCO kéde duduk àti orin rẹ̀ bí ogún àgbáyé ní ọdún 2005, wọ́n sì fi sínú àkọsílẹ̀ ńlá wọn ní 2008. Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n ní fífọn ọ́n níbi ayẹyẹ abúlé ti ń dínkù, pé orí ìtàgé àti ọwọ́ àwọn tó fi ṣe iṣẹ́ ló ń kó sí. Ọmọ-ọmọ Gasparyan, tó ń jẹ́ Djivan Gasparyan bíi ti bàbá rẹ̀ àgbà, wà lára àwọn tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ ṣeré kí baba tó kú. Ohun tó ti di àwátì ni irú ọ̀nà tí bàbá àgbà gbà: kí ọmọ kékeré kọjá níbì kan, kó gbọ́ fèrè, kó sì dúró.

Ọmọ mi ọdún mẹ́fà fẹ́ràn ohùn yìí. Ṣé kí n ra duduk fún un?

Ẹ má tíì rà á. Ìfefe duduk fẹ̀, ètè ọmọdé kò sì tíì lágbára tó láti fún un pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Orí á máa fọ́ ọ, ohùn á máa sá, á sì sú u. Àwọn ọmọdé Arméníà náà, shvi ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn, fèrè kékeré tí kò ní ìfefe, tí èèyàn kàn ń fẹ́ tó sì ń dún. Rikọ́dà oníke tí wọ́n ń lò nílé-ìwé á ṣe iṣẹ́ kan náà fún ìka àti etí.

Bó bá dàgbà tó sì ṣì ń bèèrè, ẹ wá èyí tó wà ní ohùn A, òun ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ìfefe tó ju ẹyọ kan lọ, torí ó máa ń bàjẹ́. Kí wọ́n tó fọn ọ́n, wọ́n á fi omi díẹ̀ rin ín kó lè là. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á fi ìdérí kékeré fún un pọ̀ kó má bàa gbẹ kó sì là ju bó ṣe yẹ. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi igi mìíràn gbẹ́ tí wọ́n kùn láwọ̀ pupa kó lè jọ ápíríkọ́ọ̀tì.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́ nínú orin rẹ̀?

Àwo ọdún 1983 yẹn, èyí tí Eno tún gbé jáde. Ẹ fi gbohùngbohùn etí gbọ́ ọ, kì í ṣe ti fóònù lásán, nítorí ohùn fóònù máa ń jẹ dam run, ẹ ó sì pàdánù ìdajì orin. Nígbà àkọ́kọ́ ẹ tẹ̀ lé Gasparyan. Nígbà kejì ẹ gbàgbé rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé ẹni tó ń di ilẹ̀ mú lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti mọ ibi tó ti mí. Lẹ́yìn ìyẹn, Moon Shines at Night ti ọdún 1993. Black Rock tí òun àti Michael Brook ṣe ní 1998 ní gìtá àti ìlù nínú. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.